Kí ẹ tó san owó búsítà yẹn, ẹ padà sórí àpáta

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn. Láti ọ̀dọ̀ wa sí ìgboro Ìbàdàn kò pé wákàtí kan bí ọ̀nà bá dá, síbẹ̀ bí a bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, àpáta la máa ń gùn. Máàsì kan wà tí à ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta a sì máa hàn lórí fóònù wa nínú ilé, ṣùgbọ́n WhatsApp kì í ṣí. P.O.S. á yọ owó oníbàárà tán, kò ní sọ pé òun yọ ọ́, ìjà á dé. Ọmọkùnrin kan wá láti ìgboro, ó ní ká dá 450,000 náírà kí òun gbé búsítà wá fún gbogbo abúlé. Àwọn àgbà ti ń dá a. Ṣé ká san án? Bí kò bá yẹ, kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, akọ̀wé. Ẹ ní kí akápò di owó náà mú ná. Mi ò ní kí ẹ dá a padà fún àwọn tó dá a, nítorí ó ṣì máa wúlò. Kó ṣáà má tíì dé ọwọ́ ọmọkùnrin ìgboro yẹn.

Búsítà kì í dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀. Èyí tó bá ti wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, tó ń fi agbára kún, tó sì ń tú u jáde. Ẹ wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí: bí ohùn lèmọ́mù bá ti há, híhá náà ni ẹ̀rọ á gbé dé òkèèrè. Ilé kan tàbí ọ́fíìsì kan ni irú èyí tí wọ́n ń tà kiri lè ràn lọ́wọ́, kì í ṣe abúlé odidi. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tan án láìjẹ́ pé NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, kí ilé-iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì mọ̀ sí i, torí èyí tí wọn kò tò dáadáa a máa pariwo padà mọ́ máàsì. Á wá ba ti abúlé yín àti ti aládùúgbò jẹ́ pọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, igi mẹ́ta yẹn ni mo dúró lé lórí. Igi mẹ́ta ń sọ fún yín pé fóònù yín gbọ́ ohùn máàsì. Kò sọ pé máàsì fúnra rẹ̀ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Mo ti bá iṣẹ́ máàsì ṣiṣẹ́ pẹ́ ní gbogbo agbègbè wa yìí, ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ìdó, ohun tí mo sì máa ń rí jù ní abúlé tó súnmọ́ ìgboro nìyí: ẹnu máàsì fẹ̀, ọ̀fun rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó so ó mọ́ ìgboro, ló há.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò n'Íbàdàn, abẹ́ òkun ló gbà dé, nínú wayà fáíbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wayà náà gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó, wọ́n ri òmíràn mọ́lẹ̀ láti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí wayà mélòó kan já lábẹ́ òkun lápá Abidjan, tí báńkì wa ń dákú tó ń jí. Láàárín ìgboro, fáíbà wọ ìdí ọ̀pọ̀ máàsì. Bí ẹ bá ti kọjá ibi tí ilé pọ̀ dé, wayà á dúró. Láti ibẹ̀ lọ, àwo ribiti funfun tí ẹ ń rí lára máàsì ló ń ju ọ̀rọ̀ sí àwo mìíràn, bí àwọn lébìrà ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù síra wọn lọ́wọ́. Àwo méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rí ara wọn kedere. Igi tó bá dàgbà sáàárín wọn, ìyọnu ni. Ilé alájà mẹ́ta tí ẹnì kan bá kọ́ sójú ọ̀nà wọn, ìyọnu ni.

Máàsì tiyín lè jẹ́ ẹnì kẹrin tàbí ẹnì karùn-ún nínú ìlà lébìrà yẹn. Ká ní 50 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló kúrò ní ìgboro, tí máàsì márùn-ún sì pín in, 10 ló kan tiyín. Bí igba ènìyàn bá wá ṣí fóònù pọ̀ láago mẹ́jọ alẹ́, ẹ pín 10 náà sí ọ̀nà igba kí ẹ wò ó. Bí búsítà bá sọ igi mẹ́ta yín di márùn-ún, 10 náà ni ẹ ṣì máa pín.

(Ọ̀rọ̀ wayà tó ń dúró lẹ́yìn odi ìlú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì wọ Ìbàdàn ní 1939, wayà ló ń gbé ohùn wọ ilé onílé. Ibi tí òpó wayà bá parí sí, ibẹ̀ ni ìròyìn parí sí, ará oko á wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ ọjà.)

Ẹ̀yin lè ní kí ló dé tí wọn kò gbé wayà náà dé ọ̀dọ̀ yín láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé ní 2001. Owó ni. Máàsì abúlé ń jẹ dísù bí ti Bódìjà, àwọn tó ń ra dátà nídìí rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Bódìjà. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 ló dá àpò owó kan sílẹ̀, USPF, tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dá owó sí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dé irú ibi tí èrè kò pọ̀. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ti orílẹ̀-èdè fún 2020 sí 2025 náà ṣèlérí 10 mẹ́gábíìtì fún ìgbèríko, ó sì ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì oníyára. Ọdún 2025 parí láìdé ibẹ̀. Wọ́n tún ti ń sọ̀rọ̀ fáíbà tuntun tó gùn tó 90,000 kìlómítà. Kó dé láyọ̀. Bí ẹ bá jókòó dè é, ẹ máa pẹ́ lórí àpáta.

Iṣẹ́ tó kàn yín báyìí kò ju ìwé ogójì ewé mẹ́ta àti ọ̀dọ́ mẹ́ta lọ. Kí ọ̀kan dúró níwájú ilé ìwé, kí ọ̀kan dúró lọ́jà, kí ẹnì kẹta gun àpáta. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́: aago márùn-ún ìdájí, aago kan ọ̀sán, aago mẹ́jọ alẹ́. Kí wọ́n kọ lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bóyá E ni, bóyá H, bóyá 4G. Kí wọ́n fi àwòrán kan náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan náà, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú tó gbà. Kí wọ́n kọ bóyá òjò ń rọ̀. Kí wọ́n tún kọ òǹkà dBm sílẹ̀, ìyẹn òǹkà tí fóònù fi ń wọn agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ máa rí i bí ẹ bá wọ Settings, kí ẹ wọ About phone, kí ẹ wá wọ SIM status. Òǹkà náà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Lórí 4G, -80 dára gan-an, -100 ṣeé fara mọ́, -115 á máa já, -120 kò yàtọ̀ sí òfo. Igi lè purọ́, torí bí ilé-iṣẹ́ fóònù kan ṣe ń kà á kọ́ ni òmíràn ń kà á. Òǹkà yìí kì í purọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ẹjọ́ á ti fúnra rẹ̀ dá. Bí ó bá jẹ́ pé E ló ń hàn ní gbogbo ìgbà, ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n gbé sórí máàsì yẹn, ìpè àti tẹ́ẹ̀sì ló mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ kò nílò máàsì tuntun nígbà náà, ẹ̀rọ 4G ni kí ilé-iṣẹ́ náà wá so mọ́ èyí tó wà nílẹ̀, ìyẹn kò sì wọ́n tó òpó tuntun rárá. Bí àwòrán bá ń lọ wìì ní ìdájí tó ń kú láago mẹ́jọ alẹ́, ọ̀fun ló há, bí mo ṣe fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò ńlá nìkan ló ń bàjẹ́, ẹ fura sí àwọn àwo yẹn.

Bó bá sì jẹ́ pé wákàtí kan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kú pátápátá lójoojúmọ́, tí igi kankan kì í hàn mọ́, iná ló ń tán nídìí máàsì. Èyí rán mi létí iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé fún mi nígbà kan. Máàsì onísólà ni, lẹ́yìn abúlé kan. Àwọn ará ibẹ̀ ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ nìyẹn. Àwọn tó ṣáájú mi ti pààrọ̀ káàdì inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì. Èmi náà débẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, mo wò ó títí, ń kò rí nǹkan kan, mo bá ní n ó sùn síbẹ̀. Kí n tó dé ìdí ọjà láti jẹun, kí n tó padà dé lọ́sàn-án, gbogbo páńẹ́ẹ̀lì sólà ti funfun báláú. Ìyàwó ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ máàsì ló sá làfún lé wọn lórí. Ó ní dígí náà tẹ́jú, ó ń gbóná, ewúrẹ́ kò sì lè wọ inú ọgbà débẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò sí ibi ìsáfún tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo àgbègbè náà! Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kò rí oòrùn jẹ lọ́sàn-án kò lè jí di òru. A bá obìnrin náà ra ẹní ìsáfún méjì, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti fi ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago mẹ́sàn-án kì í yẹ̀.

Ẹ má gbàgbé òrùlé páànù náà. Páànù a máa dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà bí dígí ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí òǹkà yín bá fi 20 dára sí i lábẹ́ igi máńgòrò ju inú yàrá lọ, ẹ gbé fóònù kan tàbí MiFi (ráútà kékeré tó ń fi síìmù gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ń pín in bíi Wáífáì) síta lábẹ́ ìgbátí òrùlé, kí àwọn tó wà nínú ilé gba Wáífáì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ ní orúkọ abúlé yín nìkan. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa ka orí ni. Abúlé kan kò jọ wọ́n lójú, abúlé mẹ́fà tó fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo di ọjà. Ẹ kọ iye ilé, iye ilé ìwé, ibi ìtọ́jú aláìsàn, iye P.O.S., ọjọ́ ọjà àti iye mọ́tò gàrí tó ń jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ so àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ yín mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ pe NCC lórí 622 pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí USPF àti sí ìjọba ìbílẹ̀ yín ní Ìyànà Ọ̀fà. Ẹ̀sùn tó ní òǹkà àti àkókò ṣòro láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò dáa” ni gbogbo ayé ń kọ.

Bí wọ́n bá ní àwọn máa wá gbé nǹkan tuntun kalẹ̀, kí ẹbí tó ni ilẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó dé. Mo ti rí ibi tí ilẹ̀ máàsì ti bí ọmọ onílẹ̀ mẹ́rin láàárọ̀ kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ tún ẹ̀rọ wọn dì sínú ọkọ̀ tí wọ́n lọ. Àwọn tó ń jí bátìrì àti dísù náà ń bẹ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, àṣẹ Ààrẹ ti sọ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ di ohun tí orílẹ̀-èdè ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tiyín ló máa wà níbẹ̀ lóru.

Ní ti 450,000 yẹn, ohun kan wà nínú ìwé yín tí ẹ̀yin fúnra yín kò kà sí. Ẹ ní máàsì wà lọ́ọ̀ọ́kán, igi mẹ́ta wà nínú ilé, síbẹ̀ orí àpáta ni owó ti ń lọ. Kí ló wà lórí àpáta tí kò sí nílé? Bó bá jẹ́ máàsì kan náà ni, ọ̀fun rẹ̀ ì bá há lórí àpáta bó ṣe há nílé. Èrò mi ni pé bí ẹ bá ti gòkè, fóònù yín ń rí máàsì mìíràn, bóyá èyí tó wà ní Lálúpọn tàbí lójú ọ̀nà Ìwó, tí ọ̀fun tirẹ̀ fẹ̀. Ó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Áàpù ọ̀fẹ́ wà tó ń fi Cell ID hàn, ìyẹn nọ́ńbà tí máàsì fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀. Kí fóònù méjì, síìmù ilé-iṣẹ́ kan náà, kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lórí àpáta. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀ pátápátá, ẹ ti ní òpó tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ fún yín.

Ibi tí owó tí ẹ dá ti máa wúlò nìyí: ẹ gbé antẹ́nà olójú kan sórí àpáta náà, kí ojú rẹ̀ kọ sí máàsì òkèèrè yẹn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ti ìtòsí. Ẹ so ó mọ́ ráútà 4G tó lè gba òjò, kí wayà àárín wọn kúrú, nítorí wayà gígùn a máa jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré kan àti bátìrì kan tó fún un. Láti orí àpáta wá sí ilé ìwé, rédíò Wáífáì méjì tó ń wo ara wọn lójú á gbé e sọ̀kalẹ̀. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì lè fi kìlómítà mẹ́wàá ṣeré bí nǹkan kò bá dí i lójú. Bí ilé ìwé, ilé ìtọ́jú àti ẹgbẹ́ yín bá ń lò ó láàárín ara wọn, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ máa tà á, ìwé àṣẹ NCC wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ wá ilé-iṣẹ́ tó ti ní in.

Bí Cell ID bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ ronú sátẹ́láìtì. Starlink, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì láti sátẹ́láìtì, ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní 2023, sátẹ́láìtì wọn kò ga ju bí 550 kìlómítà lọ, èyí tó mú kó yá ju àwọn ti àtijọ́ tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Kò nílò máàsì, kò nílò ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ohun tó máa ń gbé àwọn ènìyàn ṣubú ni owó oṣooṣù. Ní 2025, ti ilé gbígbé di 57,000 náírà. Ìlànà wọn kò sì gbà kí ẹ ra ti ilé kan kí ẹ máa tà á fún ogún ilé. Ti iléeṣẹ́ tàbí ti àwùjọ ni kí ẹ béèrè, ó sì wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo wọn tún ń jẹ iná bíi 75 sí 100 wáàtì, kì í ṣe ohun tí sólà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé.

Fáíbà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè. Ní Lancashire, ní ìhà àríwá England, àwọn ará ìgbèríko tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò kà sí dá ẹgbẹ́ B4RN sílẹ̀ ní 2011. Onílẹ̀ gbà kí wayà gba oko òun kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ará abúlé gbẹ́ kòtò fúnra wọn, wọ́n sì ń lo gígábíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ilé oko. Ọ̀wẹ̀ tí àwa náà ń ṣe ni wọ́n ṣe. Wayà fúnra rẹ̀ kò wọ́n tó gbígbẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú títì ìjọba yàtọ̀ sí oko. Àwọn gómìnà fi ohùn ṣọ̀kan ní 2020 pé kí owó àṣẹ ìgbẹ́lẹ̀ má ju 145 náírà lọ lórí mítà kan. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 12, 1,740,000 náírà nìyẹn kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti jọ ń lo nǹkan kan pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, àpáta ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ lọ bá baálẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ bèèrè ẹbí tó ni ín. Mo mọ abúlé kan lápá Mọ́níyà tí wọ́n ti ru bátìrì dé òkè kí wọ́n tó gbọ́ pé wọ́n ń bọ àpáta náà, àti pé obìnrin kì í gùn ún fún ọjọ́ méje lọ́dún. Olùkọ́ obìnrin ni wọ́n sì ti fi ṣe alábòójútó sólà. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ogójì ewé yẹn náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa nu páńẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.